Ṣé Kí N Fi Àkáǹtì Ọkọ Mi Gba Owó Ìjọba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní ọjà Oyingbo. Wọ́n ní ìjọba tún fẹ́ yá àwa obìnrin ọjà lówó. Mi ò ní àkáǹtì. Ti bàbá àwọn ọmọ mi làwọn oníbàárà ń sanwó sí. Ẹni tó ń kọ orúkọ wa ní kí n lo àkáǹtì yẹn, kí n sì mú ₦5,000 owó fọ́ọ̀mù wá. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Wàhábì, Èbúté Mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Ìyá Wàhábì, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ má sì lo àkáǹtì ọkọ yín, bó ti wù kó lawọ́ tó. Mi ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín o. Mo ṣiṣẹ́ ní káńtà báńkì ní Yaba, mo sì rí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí gbogbo owó ọjà rẹ̀ há sínú àkáǹtì ọkọ. Báńkì ní àfi kó mú ìwé ilé ẹjọ́ wá. Àwọn ẹbí ọkọ ní àwọn náà nípìn-ín níbẹ̀. Ọjà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tà! Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wo TraderMoni, ètò owó yíyá fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 nípasẹ̀ Bank of Industry. Nígbà náà, ₦10,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá èèyàn, wọn ò sì gba ohunkóhun dógò. Ẹni tó bá san án padà nígbà yẹn máa ń gba ₦15,000, ó sì ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ títí dé ₦100,000. Orúkọ ẹni tó san án ló ń gòkè. Tó bá jẹ́ orúkọ ọkọ yín ni, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ti ẹja, òun ni wọ́n á máa mọ̀ sí ẹni tó ń san gbèsè. LSETF, àjọ tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2016, náà ń béèrè BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fúnni) àti káàdì LASRRA (káàdì ìdánimọ̀ olùgbé Èkó) ẹni tó fẹ́ yáwó.

Nítorí náà, ẹ mú NIN yín (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) lọ sí báńkì, kí wọ́n ṣí àkáǹtì fún yín, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka yín fún BVN. Nọ́ńbà fóònù tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe ti Wàhábì. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi nọ́ńbà ọmọ sílẹ̀, tí ọmọ á wá máa rí àlẹ́ẹ̀tì kí ìyá tó rí i. PIN yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi àjọ sílẹ̀ o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó o, ẹ kọ́kọ́ fi sí àkáǹtì yín kẹ́ ẹ tó lọ ra ọjà, kó lè hàn nínú ìwé báńkì pé owó ń wọlé fún yín.

Ẹ fẹnu ara yín sọ fún bàbá Wàhábì kó tó gbọ́ ọ lọ́jà. Tí nọ́ńbà àkáǹtì bá ti jáde, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí páálí, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀, káwọn oníbàárà má bàa ṣì í san sí ti àtijọ́.