Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó sháàfù yẹn pọ̀ kí ẹ tó wo ojú ibi tó ti kán

Bọ̀dá, ẹ kú wàhálà. Ẹ ní sháàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́, ti kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà, pé ajórin yín ní kí ẹ lọ ra èyí tó nípọn jù ú lọ, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ rà á. Kí ẹ tó náwó kankan, ibo ni èyí tó kán wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ò tíì jù ú nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú ibi tó kán méjèèjì gbo ara wọn láti wò ó bóyá wọ́n ṣì bára mu. Ẹ fi bébà wé e, kí ẹ gbé e pamọ́.

Ohun tójú mi rí ló ń jẹ́ kí n máa pariwo. Mọ́níyà níbí ni mo ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ìgbà kìíní tí tèmi kán, ajórin jó o pọ̀, ó ha á títí ó fi ń dán bíi dígí, mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò. Kì í tún ṣe ojú ibi tí wọ́n jó ló ti kán o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́ẹ́ ni, níbi tí iná ti rà á. Ó tún jó o.

Ìgbà kẹta ni n kò lè gbàgbé. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà. Ẹ̀gẹ́ èèyàn mọ́kànlá wà nílẹ̀, wọ́n ti bó o, wọ́n ti fọ̀ ọ́, òkìtì-òkìtì. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́ gbàgà! Bẹ́líìtì fò yọ, ó na ọmọ tó ń ki ẹ̀gẹ́ lápá, àpá náà wà lára rẹ̀ dòní. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ẹ̀gẹ́ bíbó ṣe máa ń dà tó bá sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìdí rẹ̀ kọjá. Àwọn ìyá tó ni ẹ̀gẹ́ ò bú mi, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wò mí. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Owó ẹ̀gẹ́ èèyàn mẹ́fà ni mo san, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ni.

Wọ́n ní kí n pe ẹ́ńjíníà kan láti ọ́fíìsì ìjọba. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó yọjú, nínú aṣọ funfun. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní, "Ẹ ń ki ẹ̀gẹ́ jù," ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀bi àwa tí à ń lò ó ni, ó gba owó ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Irin tó kán sì wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀!

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìn tì, ló mú un nílẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ ojú ibi tó kán, ó gbé e sínú oòrùn, ó ní kí n wò ó. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń jọ̀lọ̀, àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun sì wà lára rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì bí ti ìkarahun ìgbín. Ó ti dípẹtà. Lápá kan, ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ló rí ṣákiṣàki, tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí iyọ̀. Bàbá ní ibi tó jọ̀lọ̀ ti ń là díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ibi tó dà bí iyọ̀ yẹn nìkan ló kán lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ àkìjù ló dá a lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ojú rẹ̀ ni ìbá rí ṣákiṣàki. Irin tó kù bí èékánná, tó sì ṣì ń yí ẹ̀rọ, ẹrù wo ló pọ̀ jù níbẹ̀? Ẹ bá mi bi aláṣọ funfun.

Ibi tí àwọn ìlà náà ti kéré jù ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi, igun ibi tí wọ́n ti gbẹ́ irin náà tín-ín-rín kó lè wọ bíárìn, òrùka irin tó gbé sháàfù dúró tó sì ń jẹ́ kó yí, ni, igun yẹn rí gẹ́lẹ́ bí igun àpótí. Ẹ̀rọ tó bá ń yí ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 60,000 ni irin yẹn ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí bẹ́líìtì ń fà á sápá kan bó ṣe ń yí. Kí ó tó pé wákàtí 17, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ti fọwọ́ tẹ wáyà títí ó fi já mọ ohun tí mò ń wí. Bàbá ní lọ́dún 1842, nítòsí Versailles nílẹ̀ Faransé, irú èyí ló dá irin ìdí rélùwéè kan, èèyàn tó kú lé ní 50.

Torí náà, èyí tó nípọn tí ajórin ní kí ẹ rà, tí ẹ bá rà á tí bíárìn ò yí padà, wọ́n ṣì máa gbẹ́ ẹnu rẹ̀ padà sí mìlímítà 30 kó lè wọ inú bíárìn nọ́ńbà 206. Bó ṣe tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ náà ni, igun rẹ̀ á sì tún ga sí i. Ẹ lọ sí bíárìn nọ́ńbà 207 tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ irin pé kó jẹ́ kí igun náà rọ̀ bí inú ṣíbí, kí bíárìn má sún kàn án. Ẹ dúró tì í. Tí ẹ bá kúrò, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ṣe. Títo púlì tí bẹ́líìtì ń gbà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ má kàn fa bẹ́líìtì le bí okùn gángan.

Ẹ ṣọ́ra fún omi ẹ̀gẹ́, ó ń jẹ irin, ojú ibi tó bá sì jẹ ni irin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ ṣọ́ra fún ajórin náà: tó bá há wáyà kejì ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ mọ́ ibi tó jìnnà sí ibi tó ń jó, iná mànàmáná á gba inú bíárìn kọjá. Ọjọ́ tí ẹ bá tú u, ojú rẹ̀ á dà bí ti ẹni tí olóde jà. Bíárìn tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ẹ má bá mi dé ibẹ̀.

Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń pa ẹ̀rọ, n ó tú bẹ́líìtì, n ó fi kẹrosíìnì pa igun sháàfù náà, n ó jẹ́ kó mu ún dáadáa, n ó nù ún gbẹ, n ó wá fi ẹfun lílọ̀ kùn ún. Tó bá ti là, kẹrosíìnì á yọ jáde lára ẹfun. Oṣù tó kọjá, ìlà kan yọ, tín-ín-rín bí irun orí. Mo yọ sháàfù yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, ó wà lábẹ́ àga tí mo jókòó sí yìí.