Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Dátà Ń Tán, Ojú-Ìwé Ò Ṣí

Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà bí ìgbín àti kọ̀ǹpútà tí kò yá ni lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lé. Kí ẹ tó ra dátà kún dátà, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìdádúró náà ti ń wá: ṣé inú ẹ̀rọ ni, ṣé Wi-Fi inú ilé ni, àbí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níta? Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aṣọ ni mò ń tà. Hotspot fóònù mi ni mo fi ń so laptop mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti kọ ìwé ọjà, kí n sì fèsì fún àwọn oníbàárà. Mo ra 20GB lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti tán. Mi ò wo fíìmù kankan. Ta ló ń jẹ ẹ́?
*Ìyá aláṣọ, Ìbàdàn*

Ẹ má fura sí ọmọ kankan nínú ilé, laptop yín ló ń jẹ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí Windows bá ti rí Wi-Fi, kì í mọ̀ pé fóònù ló wà nídìí rẹ̀ àti pé ẹ̀ ń sanwó lórí gbogbo MB tó bá kọjá. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fa update sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, OneDrive (ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì) náà á máa gbé fọ́tò àti ìwé lọ sókè. Update ńlá kan ṣoṣo lè ju 3GB lọ.

Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé owó ni. Nígbà tí laptop bá wà lórí hotspot náà, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, lẹ́yìn náà Wi-Fi, kí ẹ tẹ orúkọ hotspot yín tó ní "properties" lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa rí Metered connection níbẹ̀. Ẹ tàn án. Orúkọ hotspot yẹn ni Windows fi ń rántí. Tí ẹ bá yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí tí ẹ lo fóònù ọkọ yín lọ́la, ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nìyẹn: "mo ti tàn án, ó tún ń jẹ dátà."

Lẹ́yìn náà, nínú Network & internet kan náà, ẹ wọ Advanced network settings, kí ẹ ṣí Data usage. Gbogbo áàpù yóò tò síbẹ̀ pẹ̀lú iye tí ó ti jẹ. Ẹ máa rí olè náà lójúkojú. Enter limit wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ lè ní kó kìlọ̀ fún yín tó bá ti dé 5GB.

Ẹ má wá pa update tì pátápátá o. Inú rẹ̀ ni àtúnṣe tó ń dí ihò mọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ ra dátà òru tí kò wọ́n, ẹ pa Metered connection fún alẹ́ yẹn, ẹ so laptop mọ́ iná, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ dé òwúrọ̀.

Lórí fóònù, WhatsApp ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: Settings, Storage and data, lẹ́yìn náà Media auto-download. Lábẹ́ "When using mobile data", ẹ yọ àmì kúrò lórí fídíò. Fídíò ẹgbẹ́ aláṣọ àti ti ẹgbẹ́ ìjọ kò ní máa wọlé fúnra wọn mọ́, àyàfi èyí tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀. Tí ẹ bá sì ń wo YouTube, ẹ fà á wálẹ̀ sí 480p. Lójú fóònù, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ 1080p lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta dátà tí 480p ń jẹ.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì fún ní 20Mbps ni àwọn ń fún mi. Tí mo bá ń gba fáìlì, kọ̀ǹpútà ń sọ pé 2.3MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀ṣogbo*

Rárá, owó yín pé. b kékeré àti B ńlá ni ẹ ò yà sọ́tọ̀. Bit ni b kékeré, byte ni B ńlá, bit mẹ́jọ ló sì ń di byte kan. Ẹ pín 20 sí mẹ́jọ, ẹ máa rí 2.5. Ìyókù díẹ̀ bá àdírẹ́sì àti ìjẹ́rìí tó ń bá fáìlì rìn lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń ka owó ní kọ́bọ̀ tí ẹnìkejì ń kà á ní náírà. Pẹ̀lú 2.3MB yìí, fáìlì 700MB yóò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ń gbà yín ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ pè wọ́n nígbà náà.

Pálọ̀ ni router 4G wa wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe dáadáa ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ní yàrá tó wà lẹ́yìn, ó ku díẹ̀ kó kú. Ẹnìkan ní kí a ra extender (ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi, tó sì ń gbé e síwájú), ẹlòmíì ní kí a pààrọ̀ DNS. Èwo ni ká ṣe?
*Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, Àkúrẹ́*

Ẹ má tíì ra nǹkankan. Ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín: láti òpó sí router, àti láti router sí fóònù. Ọ̀kan lè dán mọ́rán kí èkejì bàjẹ́. Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí router, ẹ ṣí fast.com (ìkànnì tó ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) lórí fóònù, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀. Ẹ wá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ 18 nítòsí router tó sì di 2 ní yàrá, Wi-Fi inú ilé ló lẹ̀bi. Tó bá jẹ́ 2 níbi méjèèjì, ẹ fi ògiri sílẹ̀, ọ̀dọ̀ òpó ni ìdádúró wà. (Ìdánwò yìí ń jẹ dátà, ẹ má sọ ọ́ di eré ọmọdé.)

Nínú lẹ́tà yín, ó jọ pé ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ gbé router jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lónìí. Irin inú tẹlifíṣọ̀n ń dá ìgbì Wi-Fi padà, bẹ́ẹ̀ náà ni dígí ìwojú àti fìríìjì. Omi ní tirẹ̀ ń mu ún, nítorí náà dúrọ́ọ̀mù omi kì í ṣe aládùúgbò rere fún router. Ẹ gbé e sókè ju orí èèyàn lọ, ní gbangba, ní ẹnu ọ̀nà àárín pálọ̀ àti àwọn yàrá. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo tí ẹ bá yọ kúrò lọ́nà rẹ̀ ń ṣe ju ohun tí àwọn èèyàn rò lọ.

Tí router yín bá ń fi orúkọ méjì hàn, ọ̀kan sábà máa ń ní "5G" nídìí. Ìyẹn kì í ṣe 5G ti fóònù o; 5GHz ló túmọ̀ sí. Ó yára, ṣùgbọ́n ògiri ń tètè borí rẹ̀. Ẹ lò ó fún ohun tó wà ní pálọ̀. 2.4GHz lọ́ra jù ú lọ, àmọ́ ó ń la ògiri kọjá, òun ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún yàrá ẹ̀yìn. Ìṣòro 2.4GHz ni pé èrò pọ̀ lórí rẹ̀: Bluetooth, máíkíróweéfù, router gbogbo ará àdúgbò. Ẹ kọ 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 sójú ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí (èyí tó jẹ́ tiyín, pẹ̀lú password, wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ router), ẹ wá Channel (ojú ọ̀nà tí ìgbì Wi-Fi ń gbà) lábẹ́ WLAN, kí ẹ sì yan 1, 6 tàbí 11. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni kì í gun ara wọn lórí. Ẹni tó bá yan 3 pé kó lè dá wà ń gba ariwo 1 àti 6 pa pọ̀.

Ṣùgbọ́n router tiyín ń gba 4G láti òpó, ó nílò fèrèsé pẹ̀lú, pàápàá tó bá jẹ́ pé páànù ló bo ilé. Lójú-ìwé kan náà tí ẹ ṣí yẹn, ẹ wá RSRP, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì òpó ṣe lágbára tó. Òdì ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń jẹ́, èyí tó bá súnmọ́ òdo ló dára: -85 sàn ju -110 lọ fíìfíì. Ẹ gbé router lọ sí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ wo nọ́ńbà náà. Fèrèsé tó bá dára jù lè má jẹ́ àárín ilé, ẹ ó kàn wá ibi tí 4G àti Wi-Fi ti lè gba fún ara wọn.

Tí yàrá náà bá ṣì ṣòro lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lè ra extender nígbà náà. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí Wi-Fi ò dé. Ohun tí kò rí gbà, kò lè fi fúnni. Ìdajì ọ̀nà ni kó wà. Kí ẹ sì mọ̀ pé èyí tó rọ̀ lówó máa ń gé ìyára sí ìdajì, torí rédíò kan náà ló fi ń gbọ́ tó sì fi ń sọ.

Ní ti DNS, ìwé orúkọ ni. Òun ló ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà. DNS míì bíi 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8 lè jẹ́ kí ojú-ìwé tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín bá lọ́ra, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun kún ìyára fáìlì. Ti áàpù tó ń pe ara rẹ̀ ní "booster", ìpolówó ọjà ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé agogo mẹ́fà àárọ̀ ló dára, tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kò sì dára, èrò ló kún orí òpó. Ìgbérí-gbédìí router ò ní yanjú rẹ̀. Ìgbà míì sì wà tí ẹ̀bi ò sí nílé, tí kò sí lórí òpó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà àti orílẹ̀-èdè míì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn lọ sùn ni.

Mo ń kọ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n laptop mi ò ní ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀. Inú ìwé àtijọ́ ni mo ti ń ṣẹ̀dà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.
*Akọ̀wé ẹgbẹ́, Peckham, London*

Nínú Word, ẹ kọ 1EB9, kí ẹ tẹ Alt àti X pọ̀: ó di ẹ. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Fún àmì ohùn lórí wọn, ẹ kọ 0301 tẹ̀ lé e fún ohùn òkè tàbí 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ tún tẹ Alt àti X.

Ibi tó ti ń dani láàmú nìyí: a, b, d, e àti f wà lára ohun tí Word ń kà sí nọ́ńbà nínú kóòdù yìí. Tí ẹ bá fẹ́ kọ "abẹ́", tí ẹ kọ ab1EB9, Word lè ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun míì á jáde. Ẹ di Shift mú, ẹ tẹ ọfà òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó mú 1EB9 nìkan, kí ẹ tó tẹ Alt àti X.

Fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ wọ File, Options, Proofing, AutoCorrect Options. Ní kí "egbe" máa di "ẹgbẹ́", kí "owo egbe" má bàa gba yín lákòókò mọ́. Ẹ má fi "oko" síbẹ̀ o. Word ò ní mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ lẹ ń sọ, a ò sì tíì ka èyí tí a kì í dárúkọ ní ìpàdé.

Tí àmì ohùn bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, font (irú àwòṣe lẹ́tà) ló fà á. Ẹ lo Charis SIL tàbí Gentium, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Windows fúnra rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú Settings, lábẹ́ Time & language, Language & region; Windows àti Space ni ẹ máa fi yí i. Lórí fóònù, Gboard ní Yorùbá.

Mo ń ṣẹ̀dà ọ̀rọ̀ méjì, ti àkọ́kọ́ á pòórá. Kí ni mo lè ṣe?
*Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, Abẹ́òkúta*

Ẹ tẹ Windows àti V, ẹ tẹ Turn on. Ohun 25 tí ẹ ṣẹ̀dà gbẹ̀yìn á máa tò síbẹ̀. Ẹ má ṣẹ̀dà password báǹkì sórí ẹ̀rọ tí ẹ̀yin pẹ̀lú ẹlòmíì jọ ń lò.

Laptop tòkunbọ̀ mi gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tàn tán. RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Ṣé kí n tà á, kí n fi owó kún un ra òmíràn?
*Olùkọ́, Ìlọrin*

Ẹ tàn án, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ wọ Performance. Tí Disk (ibi tí fáìlì ń gbé) bá wà ní 100% nígbà tí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) wà nísàlẹ̀, tí wọ́n sì kọ HDD sábẹ́ Disk, a ti mú un. Nínú HDD, abọ́ kan ló ń yí bíríbírí, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. SSD, irú Disk kejì, ò ní ohun tó ń yí. Ẹ ra SSD 2.5-inch SATA, 240GB tàbí 256GB, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíì kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ. Ó sábà máa ń dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kù sí ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ Memory (RAM nìyẹn) lójú-ìwé kan náà. Tó bá kọ "Slots used: 1 of 2", àyè ṣí sílẹ̀ fún 4GB míì. Irú RAM ni DDR3 àti DDR4, DDR3 ò sì wọ ojú DDR4, ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó sanwó. Startup apps, àwọn áàpù tó ń ṣí fúnra wọn bí ẹ̀rọ bá tàn, náà wà nínú Task Manager yìí. Ẹ fi Disable lé gbogbo ohun tí ẹ kò nílò láàárọ̀, àyàfi èyí tó ń gbógun ti kòkòrò (virus).

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ra òmíràn, ẹ béèrè bóyá ó lè gba Windows 11, torí Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí cmd (ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí), ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó fi ìwé náà sí. Ẹ fi Full charge capacity wéra pẹ̀lú Design capacity: 22,000 nínú 50,000 túmọ̀ sí pé ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún bátìrì náà ló kù. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ kọ àṣẹ yìí, ẹ mú owó yín, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì.