Ọ̀gá mi fẹ́ ra AI fún sinimá wa: ṣé iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń bójú tó gbọ̀ngàn sinimá kékeré kan níbí ní Kétu, ní Benin. Ọ̀gá tó ni ín fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà tó ń lo AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá. Wọ́n ní yóò máa yan fíìmù, yóò máa tò ó sí aago, yóò sì máa dá iye lé tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò tíì tán, àmọ́ apá kan máa kúrò lọ́wọ́ rẹ, má sì jẹ́ kó dùn ọ́. Ìṣirò owó alẹ́, èsì fáwọn tó ń béèrè aago lórí WhatsApp, ìpolówó ní Faransé àti Yorùbá: jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe wọ́n, kí ìwọ máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

Yíyan fíìmù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń lo AI fún un. Lọ́dún 2020, Warner Bros., ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá ní Amẹ́ríkà, bá Cinelytic, ilé iṣẹ́ tó ń ta irú AI bẹ́ẹ̀, ṣe àdéhùn kó lè máa bá wọn ṣírò iye tí fíìmù lè pa wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń sọ èyí tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ èrò Paris tàbí ti Èkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, yóò gbé fíìmù tẹ́ ẹ gbójú lé jù sí òru tí Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Ìwọ mọ̀ pé lóru yẹn, ojúde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni gbogbo ìlú máa wà. Ẹ̀rọ á rí àga tó ṣófo, á ní fíìmù yẹn ò dáa. Alẹ́ tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ sì dá owó padà fún oníbàárà, òdo náà ló máa kà á sí.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ ìwé kan lónìí. Tí ẹ bá tilẹ̀kùn lálẹ́, kọ orúkọ fíìmù, aago rẹ̀ àti iye tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ, kó o sì kọ ohun tó lé èrò sá tàbí tó kó wọn wá: òjò, iná, ọjà, ìnáwó ládùúgbò. Láìsí ìwé yìí, méfò lásán ni AI yẹn máa máa ṣe fún yín.

Ẹ yẹ àdéhùn fíìmù wò pẹ̀lú. Èyí tó bá wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn KDM, ní ọjọ́ àti wákàtí tó máa ṣí àti èyí tó máa tì. Alágbàtà sì lè ti sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn lójúmọ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣi aago yẹn tò, ẹ̀yin lẹ máa jíhìn. Nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà ńkọ́? Òfin Benin nọ́ńbà 2017-20 dáàbò bò ó, APDP, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ló sì ń mójú tó o, torí náà ẹ béèrè ibi tí olùtajà máa kó o sí.

Ní ti kí ẹ̀rọ máa yí owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, èmi ò ní gbà. Kí ẹni méjì jókòó ti ara wọn, kí ọ̀kan ti san ju èkejì lọ, ìjà ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Sọ fún ọ̀gá pé kó gba oṣù kan fún ìdánwò kó tó sanwó. Kí ẹ̀rọ yan tirẹ̀ sórí ìwé, kí ìwọ náà yan tìrẹ, kẹ́ ẹ wá fi iye tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ wé méjèèjì.