Eruku orí àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ ní ẹ ti da eruku òkúta ẹfun, èyí tí kì í jẹ́ kí eruku èédú gbaná, sílẹ̀ nínú ihò èédú yín, àwọn alábẹ̀wò sì ní ó ti tó. Ẹ wá ń bèèrè ìgbà tó yẹ kí ẹ tún un dà. Àwọn alábẹ̀wò wo? Àwọn tí kì í kọjá ibi tí bàtà wọn ò ti ní dọ̀tí?

Gáàsì tó kọ́kọ́ bú lọ́dọ̀ wa ò tó nǹkan, bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé gbàgà ni. A rò pé òkúta ló já. Àmọ́ atẹ́gùn rẹ̀ gbọn eruku èédú tó ti pẹ́ lórí àjà àti lẹ́yìn bẹ́líìtì tó ń gbé èédú dìde, òun ló wá gbaná, tó ń gbọn ti iwájú rẹ̀ dìde bó ṣe ń sáré bọ̀. Irú ẹ̀ ló pa èèyàn 1,099 ní Courrières, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1906. Iná kọ́ ló sì pa àwọn tiwa tó pọ̀ jù, èéfín olóró tí kò lóòórùn tó tẹ̀ lé e ni. Mo rí ẹnì kan tó fẹ̀yìn ti ògiri, agolo ẹ̀rọ ìmí rẹ̀ wà ní ìbàdí, kò tíì ṣí i. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín máa fi ṣíṣí i dánra wò nínú òkùnkùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀gá wa máa ń pa fáànù tó ń lé gáàsì jáde lọ́jọ́ ìsinmi torí owó iná. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó kọ́ ọ! Méténì, gáàsì tó ń jáde látinú èédú, fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, abẹ́ àjà ló ń kó jọ sí. Tó bá ti wọ ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹ̀ta iná kan ti tó. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì sókè, ẹ yé fi wọn ìbàdí. Ní Amẹ́ríkà, tó bá ti dé ìdá 1 nínú 100, wọ́n á pa iná ẹ̀rọ. Nígbà tí ìjì bá ń bọ̀ lókè, ẹ tún tẹjú mọ́ ọn, torí gáàsì máa ń tú jáde láti inú ihò àtijọ́.

Omi tó ń pa eruku lẹ́nu eyín ẹ̀rọ tó ń gé èédú, ìyẹn ẹ ti mọ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Ẹ má ka ọjọ́. Òfin Amẹ́ríkà ní ìdá 80 nínú 100 eruku tí ẹ bá gbá láti àjà, ògiri àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kì í jó. Bí eruku dúdú bá ti tún hàn lórí funfun, ẹ tún eruku òkúta dà. Eruku òkúta tó bá ti rin, tó dì ní kókó, kò lè fò sókè bá iná. Ẹ kà á sí pé kò sí, kí ẹ da gbígbẹ lé e.