Ohùn Màmá ni kí ìwé náà gbé

LẸ́TÀ: Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 76, a sì jọ ń gbé ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà ní iyè wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Màmá ní bí ó bá dójú ẹ̀, kí wọ́n má ṣe so àwọn mọ́ ẹ̀rọ, àti pé àwọn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ní a fẹ́ fi ẹnu pe ikú. Ṣé èmi àkọ́bí kò kàn lè sọ̀rọ̀ fún wọn bí ó bá yá ni? — Àkọ́bí Màmá

ÌDÁHÙN: Nílé, bí àkọ́bí bá sọ̀rọ̀, ẹbí a dákẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò fún àkọ́bí láṣẹ lórí ara òbí rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù. Wọn yóò bi yín ní ohun tí Màmá ń fẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìwé, àwọn dókítà ni yóò pinnu ohun tó máa ṣe Màmá lóore.

Ọ̀nà méjì ni òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 là sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí Màmá yóò fi sọ ṣáájú pé irú ìtọ́jú báyìí, àwọn kò gbà á. Bí ó bá kan ìtọ́jú tó ń dá ẹ̀mí dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí tí òun náà yóò buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba sínú rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn wí, kódà bí ẹ̀mí àwọn bá wà nínú ewu. Kí wọ́n dárúkọ ìtọ́jú náà o, nítorí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ògànjọ́ kò lè mọ ohun tí “ẹ má fìyà jẹ mí” túmọ̀ sí. Èkejì ni LPA (Lasting Power of Attorney) ti ìlera, ìwé tí Màmá yóò fi yan aṣojú tí yóò máa bá wọn pinnu. Ó dìgbà tí Office of the Public Guardian, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀, bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí Màmá kò sì lè pinnu fúnra wọn mọ́, kó tó ṣiṣẹ́. Bí LPA bá jẹ́ ìkẹyìn, tó sì fún aṣojú láṣẹ lórí ìtọ́jú kan náà, ó ti pa ìwé àkọ́kọ́ rẹ́ nìyẹn.

Ẹ má fi falẹ̀ ṣá. Iyè tó ń rà kò túmọ̀ sí pé òye ti tán. Òfin gbà pé ènìyàn lè pinnu títí a ó fi rí ẹ̀rí pé kò lè ṣe é. Ẹ wo àkókò tí ojú Màmá máa ń dá jù lọ lójúmọ́, kí ẹ jókòó tì wọ́n nígbà náà.

Ní ti àbúrò yín, ìyá tó bí mi ká aṣọ òkè tí a ó fi sin ín sí ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú kàfúrà ní nǹkan bí ogún ọdún kó tó kú, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ń pe ikú. Àmọ́ ẹ má bá a jiyàn. Ẹ pè é lórí fídíò lọ́jọ́ tí ara Màmá bá yá gágá, ẹ gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá.