Ìrẹ̀wẹ̀sì Aboyún: Ẹ Yẹ Inú Ilé Wò Pẹ̀lú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni mo ti ń wa ọkọ̀, ìyàwó mi sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ó lóyún oṣù mẹ́fà. Obìnrin ni ọmọ méjèèjì tó ti bí. Láti bí oṣù kan, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ń gún iyán lọ́wọ́, á kàn fi ọmọ odó sílẹ̀, á máa sunkún. Ìyá mi ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní oyún ló ń ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ohun tí ẹ sọ yìí jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí í ṣe àìsàn tó gbóògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí aboyún 10 nínú 100 ló ń ní àìsàn ọpọlọ, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì, iye náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Lóòótọ́ ni oyún máa ń fa àárẹ̀ àti àìsùn, ṣùgbọ́n ẹkún àti ìbànújẹ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ti oyún lásán.

Bí ẹni náà bá ti ní irú rẹ̀ rí, tí oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń lù ú, ó lè tètè kó sínú rẹ̀. Àmọ́ nínú lẹ́tà yín, ilé ni mo rí. Ta ni ẹ ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí? Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìyá yín ló ń gbà kọjá, tí aboyún ń tọrọ owó ọṣẹ àti ti ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ẹ máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i tààrà. Bí wọ́n bá sì ń retí ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àtọ̀ bàbá ló ń pinnu akọ tàbí abo. Ẹ̀yin gan-an ni kí wọ́n wá bi. Ẹ bá ìyá yín sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí bí ẹ bá fi ìbínú sọ ọ́ láti Èkó, ìyàwó yín ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú aboyún bi í ní àwọn ìbéèrè 10 tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì wò (Edinburgh Postnatal Depression Scale, EPDS), tí wọ́n ṣe ní Scotland, tí wọ́n gbé jáde ní 1987, èyí tí àwọn dókítà ti lò fún àwọn aboyún Nàìjíríà pẹ̀lú. Bí ọkàn ti rí láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá ni wọ́n ń bèèrè. Ìkẹwàá sì ni bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lára. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn oògùn kan wà tí dókítà lè fún aboyún, ṣùgbọ́n kí ẹ má ra èyíkéyìí lọ́wọ́ oníkẹ́mísì.

Ẹ bèèrè ọjọ́ tí yóò tún lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ gbé ọkọ̀ jókòó lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá bá a lọ.