Gbànjo àdìrẹ nítorí àwọn ọmọ aláìní: ṣé ó tọ̀nà fún Mùsùlùmí?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaekun Alfa wa. Aládìrẹ ni mí, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń tajà. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, wọ́n fẹ́ fi owó ẹ̀ san owó ilé-ìwé àti owó wáẹ̀kì fáwọn ọmọ tí òbí wọn ò ní, àwọn mí-ìn ọmọ òrukàn ni. Wọ́n ní kí n mú aṣọ márùn-ún wá, àwọn á fi sí fírémù, àwọn á wá lù ú ní gbànjo, ẹni tó bá pe owó tó ga jù ló máa gbé e lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ torí ọ̀kan nínú aṣọ yẹn, Ọlọ́ba ni, àwòrán èèyàn wà lára ẹ̀. Ẹnì kan ní hárámù ni, ẹlòmí-ìn ní sàráà sáà ni, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ṣé mo sì lè ka owó aṣọ yẹn mọ́ sàká mi tọdún yìí, ìyẹn ọrẹ tó jẹ́ dandan? Kì í tún ṣe gbogbo àwọn ọmọ yẹn ni Mùsùlùmí o.

ÌDÁHÙN: Wa alaekun salaam wa rahmatullah, ìyá wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "sàráà sáà ni" yẹn kúrò nílẹ̀, torí ó ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Èèyàn ò lè jí ewúrẹ́ aládùúgbò pa kó fi ṣe sàráà kó wá máa retí láádá. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nínú hadiisi tí Imam Muslim gbà wá pé Ọlọ́hun dáa, kì í sì í gba nǹkan kan àfi èyí tó bá dáa. Ọjà la ó kọ́kọ́ wò ká tó wo ibi tówó ń lọ.

Ti gbànjo, ẹ fọkàn balẹ̀. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló sọ ọ́ pé ọkùnrin kan nínú àwọn ará Madina wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ànábì, Ànábì ní ṣé kò sí nǹkan kan nílé ẹ ni, ó ní ó wà, aṣọ tó nípọn kan, àwọn ń da apá kan ẹ̀ bora àwọn ń tẹ́ apá kan sílẹ̀, àti ife táwọn fi ń mumi. Ànábì ní kó lọ kó o wá. Ó gbé e sọ́wọ́, ó ní ta ló máa ra èyí? Ẹnì kan ní òun gbà á ní dirihamu kan. Ànábì ní ta ló máa fi kún un, ta ló máa fi kún un, títí ẹlòmí-ìn fi gbé e ní dirihamu méjì. Ó kó owó náà fún ọkùnrin yẹn, ó ní kó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fáwọn ará ilé ẹ̀, kó fi ìkejì ra irin àáké wá, òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ ki igi bọ̀ ọ́, ó ní kó lọ máa ṣẹ́gi tà, òun ò fẹ́ rí i fún ọjọ́ 15. Ìgbà tó máa padà dé, ó ti ní dirihamu 10. Abu Dawud gbà á wá, Tirmidhi náà mú ibi gbànjo yẹn wá, ó ní ó dáa. Àwọn onímọ̀ kan ní okùn àwọn tó gbà á wá ò fi bẹ́ẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n gbànjo fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó tọ́. Ẹ ò rí i, aṣọ náà ni wọ́n lù ní gbànjo nítorí aláìní, tiyín kàn ní aró lára ni.

Nǹkan méjì péré ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ. Kí wọ́n má lọ fi èèyàn tiwọn sáàrin èrò kó máa pe owó tí kò ní san kí ọjà lè gbówó lórí, Ànábì kọ ìyẹn. Bí wọ́n bá sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́ẹ́rẹ́ pé ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ bá jáde ló ni aṣọ, tẹ́tẹ́ nìyẹn, orúkọ ọmọ òrukàn ò sọ tẹ́tẹ́ di hàláálì.

Ó wá ku àwòrán. Ọkùnrin kan lọ bá Ibn Abbas, sàábé Ànábì, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun fi ń jẹun, àwòrán yìí lòun ń ṣe. Ibn Abbas ní ohun tóun gbọ́ lẹ́nu Ànábì lòun máa sọ fún un: ẹni tó bá ṣe àwòrán, Ọlọ́hun máa fìyà jẹ ẹ́ títí tó fi máa fẹ́ ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè fẹ́ ẹ láéláé. Èémí ọkùnrin yẹn ń lọ sókè sódò, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ibn Abbas wá ní tó o bá kọ̀ tó o ní o ò lè ṣe kó o má ṣe é, igi ni kó o máa yà, àti gbogbo nǹkan tí kò ní ẹ̀mí. Bukhari ló gbà á wá. Kò lé e kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ̀, ohun tó lè máa yà ló fi hàn án. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tẹ́ ẹ ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya láfún sí lára kó tó wọnú aró, ewé ló pọ̀ níbẹ̀, ilà, ṣíbí, òpó gbọ̀ngán Mápó tó wà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ìyẹn ò la ariyanjiyan lọ rárá.

Ọlọ́ba ló yàtọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, 1935 ni aṣọ yẹn ti wá, nígbà tí George karùn-ún ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, òun àti ìyàwó ẹ̀ ló wà láàrin ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí irú ẹ̀. Nínú mazhab Maliki, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tá à ń tẹ̀ lé níbí, ère tó ní òjìji, tó pé, ni hárámù, èyí tó wà pẹlẹbẹ lára aṣọ, makuruu ni, ìyẹn ni pé kò dáa tó ṣùgbọ́n kì í ṣe èèwọ̀, àwọn mazhab mí-ìn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò ní pè é ní hárámù, ṣùgbọ́n n ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi sí fírémù kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ògiri. Ìgbà kan tí Ànábì ti ìrìn-àjò dé, ó bá aṣọ tí Aisha ìyàwó ẹ̀ fi ṣe kọ́tìnnì, àwòrán wà lára ẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn sí i, ó fà á sílẹ̀. Aisha ní àwọn wá gé e, àwọn fi ṣe ìrọ̀rí. Tí ẹ bá gé Ọlọ́ba yẹn ṣe ìrọ̀rí ńkọ́? Bóyá owó ẹ̀ á tiẹ̀ ju ti fírémù lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ọjà.

Ẹni tó bá ra aṣọ 30,000 náírà ní 100,000, kó má ka kọ́bọ̀ kan mọ́ sàká o, ọjà ló rà. 70,000 tó lé yẹn, bó bá gbèrò sàráà sí i, Ọlọ́hun á gbà á. Ẹ̀yin ní tiyín, tẹ́ ẹ bá ti gbé aṣọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, sàráà yín nìyẹn, ó ti lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní kí wọ́n bá yín tà á ni, owó yín ló ṣì jẹ́, ẹ lè gbèrò sàká sí i kó tó dọ́wọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n oríṣi èèyàn mẹ́jọ tí Súrátù Taoba aayah 60 kà sílẹ̀ nìkan ló ni sàká, kò gbọdọ̀ kan owó họ́ọ̀lù tàbí mínírà táwọn àlejò mu, ta ló sì máa bá yín ṣọ́ ìyẹn? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ní Mùsùlùmí ni sàká wà fún. Ẹ yọ sàká yín sọ́tọ̀ jàre, ìdá kan nínú 40, ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ sàráà.

Ní ti sàráà, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tó wà láàrin wọn ò dí yín lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá Asma, sàábé Ànábì lóbìnrin, tí kò tíì gba Islam wá bá a, Ànábì ní kó ṣe dáadáa sí i. Ilẹ̀ Yorùbá níbí, tí Táíwò ń lọ mọ́sáláṣí tí Kẹ́hìndé ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè yẹn ò tiẹ̀ yẹ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ò bi mí ló ń dùn mí jù. Wọ́n fi fláyà irú nǹkan báyìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp rí, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ ló wà níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ já, wọ́n ya ojú ẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní ẹ wá gbà á lọ́wọ́ ìyà. Ọmọ yẹn máa dàgbà, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ilé kéwú á sì rí i. Ọlọ́hun ní ká má fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́, Súrátù Bakọra aayah 264, kí wá ni ìnira bí kì í bá ṣe èyí? Kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ kankan fún wọn, ẹ bi wọ́n pé kí ló máa wà lórí fláyà. Tí wọ́n bá ní ojú ọmọ ni, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbé òpó Mápó yín síbẹ̀. Wallaahu a'alam.